Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Amọ̀nà Apẹja: Láti Odò Orí Òkè dé Ọ̀sà Ajah

Ìfáárà

Abraham Adésànyà, àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Abraham Adésànyà (1922–2008), agbẹjọ́rò àti aṣáájú òṣèlú, pè, wà lẹ́bàá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, nítòsí Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ilẹ̀ tí ó sì wà láàárín méjèèjì tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí omi òjò fi máa ń ṣe iyè méjì kí ó tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣàn. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí àpáta, kò sì sí odò tí ń já wálẹ̀ láti ibi gíga. Síbẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé kan ní àdúgbò yìí bá ṣí ìwé ìkàwé èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó bá ọkùnrin kan pàdé nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ mímú àlejò lọ sí etí odò orí òkè, tí ó sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n so mọ́ ìwọ̀ tan ẹja jẹ. Bí ọmọ náà bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé kí ni wọ́n ń pe èyí ní èdè Yorùbá, ìdáhùn tí yóò gbà kò ní ju pé “ẹja kan ni” àti pé “apẹja kan ni” lọ. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé iṣẹ́ náà àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó dúró lé lórí, ó sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí ó lè wúlò fún olùkọ́ àti òǹkọ̀wé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àbá wọ̀nyí ni pé kò yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan. Ohun tí amọ̀nà mọ̀ àti ohun tí ó ń ṣe ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò rí i pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń wá wà lẹ́nu àwọn apẹja ọ̀sà tí kò jìnnà sí ilé ọmọ náà. Ní 1970, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn olùkọ́ nìyí gan-an. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ omi àti ẹja kò tíì rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ tó.

Orúkọ ẹja náà

Ẹja tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí kì í ṣe ẹja ilẹ̀ Yorùbá. Ní gbogbo Áfíríkà, àwọn odò tí ó wà ní agbègbè òkè Atlas ní apá àríwá ni irú rẹ̀ ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó wà ní Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn òyìnbó ni ó gbé e débẹ̀. Ní 1905 ni Ewart Grogan mú ẹyin ẹja náà láti Skọ́tíláǹdì wá sí odò Gura ní òkè Aberdare ní Kẹ́ńyà. Ẹja àlejò ni, kò sì sí ẹ̀gàn nínú kí àlejò máa jẹ́ orúkọ tí ó bá wá.

Ẹni tí kò fẹ́ àyálò lè dábàá àpèjúwe: “ẹja odò òkè” tàbí “ẹja omi tútù.” Àkọ́kọ́ kò burú, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹja ni ó ń gbé odò orí òkè. Èkejì ni ó léwu jù. Ní ọjà Ajah, “ẹja tútù” ni ẹja tí wọn kò tíì yan, tí wọn kò sì tíì sá. Bí ọmọ bá gbọ́ “ẹja omi tútù,” ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni ẹja inú yìnyín tí àwọn aláte ń gé tà. Ọ̀rọ̀ ìperí tí ó bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi tí kò yẹ burú ju àìsí ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ yóò béèrè, ẹni tí ó ní èyí tí kò tọ́ kò ní béèrè mọ́.

Nítorí náà àyálò ni ó dára jù: tíráòtù. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà yá ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Èdè náà kò gba kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ sílébù, kò sì gba kọ́ńsónáǹtì níparí rẹ̀. Bí “tírélà” ṣe gba fáwẹ̀lì í láàárín kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni tíráòtù ṣe gbà á, ó sì gba ù níparí. Ohùn òkè bọ́ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ohùn ìsàlẹ̀ sì parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe àlàyé sí i lè wí pé “ẹja tíráòtù.”

Ìwọ̀n ìgbóná omi àti ọ́síjìn inú rẹ̀

Kí ni ó dé tí tíráòtù kò fi lè gbé ọ̀sà Ajah? Ìbéèrè yìí ni ó gbé gbogbo ìmọ̀ amọ̀nà dání, òun náà ni ó sì mú ìṣòro ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù lọ wá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe “tutù” ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù ní Yorùbá. Aṣọ tutù nígbà tí omi wà lára rẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lé e. Ewé tutù nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹja tutù nígbà tí kò tíì kan iná. Ènìyàn tutù nígbà tí kò bínú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó ń sọ bí ooru nǹkan náà ti pọ̀ tó. Nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé tíráòtù fẹ́ràn omi tútù, gbólóhùn rẹ̀ kò tíì di gbólóhùn sáyẹ́ǹsì, àfi bí ó bá fi òǹkà kún un. Àwọn kan a máa lo “ìgbóná-òun-ìtutù” fún ohun tí òṣùwọ̀n inú gíláàsì ń wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ṣeé gbọ́, ṣùgbọ́n ó mú un dà bí ẹni pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òṣùwọ̀n náà ń wọ̀n pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀n: ìgbóná. Ohun tí ènìyàn ń pè ní ìtutù kò ju pé ìgbóná kéré lọ. Nítorí èyí, “ìwọ̀n ìgbóná” ni ó bá sáyẹ́ǹsì mu jù, “òṣùwọ̀n ìgbóná” sì ni ohun èlò tí amọ̀nà ń tì bọ omi ní òwúrọ̀. Ó lè ṣe àjèjì sí etí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwọ̀n ìgbóná omi yìnyín jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú àjèjì yẹn gan-an ni olùkọ́ ń wá.

Tíráòtù a máa dàgbà dáradára nínú omi tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 10°C sí 16°C. Bí ó bá ti kọjá 20°C, ara ẹja náà kì í balẹ̀ mọ́. Bí ó bá tó nǹkan bí 25°C, ikú ti dé tòsí. Omi ọ̀sà Èkó sábà máa ń wà láàárín 25°C sí 32°C. Ibi tí tíráòtù ti ń kú ni ọ̀sà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ooru nìkan ni ó ń pa á. Ọ́síjìn tí ẹja ń mí wà nínú omi, ó ti yòrò sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yòrò. Àfiwé iyọ̀ yìí ní ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ dúró o, nítorí iyọ̀ ń yòrò kánkán nínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń sá jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé omi kaná yóò rí i pé kí ó tó hó rárá ni àwọn èéfọ̀ kéékèèké ti ń yọ lára ìkòkò. Afẹ́fẹ́ tí ó ti wà nínú omi láti ìṣáájú ni wọ́n. Ọmọ tí ó bá sì ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí oòrùn ti pa mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú omi gbígbóná ju bí ìwé ṣe lè sọ ọ́ lọ: aṣọ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Ní etí òkun, lítà kan omi tí kò níyọ̀ lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 11.3 ọ́síjìn nígbà tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 10°C. Ní 30°C, kò lè gbà ju nǹkan bí 7.6 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja kì í ṣe bí ènìyàn tí ara rẹ̀ ní ìgbóná tirẹ̀. Bí omi bá ti gbóná ni ara ẹja ń gbóná, bí ara rẹ̀ bá sì ti gbóná ni ó ń fẹ́ ọ́síjìn sí i. Ìgbà tí ó nílò rẹ̀ jù gan-an ni omi kò ní in.

Fún ọ̀rọ̀ ìperí, “yòrò” ni ó yẹ kí wọ́n yàn fún èyí, kí wọ́n fi “yọ́” sílẹ̀ fún òrí àti yìnyín tí ooru ń sọ di olómi. Ìyàtọ̀ yìí kò dúró ṣinṣin lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èdè-ìperí ni láti dá ààlà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ti fi ààyè sílẹ̀. “Ọ́síjìn ayòrò” ni ọ́síjìn inú omi nígbà náà.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù láti fi kọ́ ọmọ Abraham Adésànyà ni ẹja àrọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sìn nínú táǹkì lẹ́yìnkùlé ilé wọn káàkiri Èkó. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tí ó fi ń mí nínú omi, èyí tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ tààrà láti ojú omi. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbé inú omi ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn tó, tí ó sì lè pẹ́ kí ó tó kú lórí ilẹ̀. Tíráòtù kò ní irú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi àwọn ẹja méjèèjì wéra, ọmọ yóò mọ ohun tí ọ́síjìn ayòrò jẹ́ láì rí òkè rí.

Ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí 6.5°C dín kù bí ènìyàn bá gòkè ní mítà 1,000. Òkè Ìdànrè kò tó mítà 1,000, kò sì lè mú omi ilẹ̀ olóoru tutù tó bí tíráòtù ṣe fẹ́ ẹ. Omi Olúmìrìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ń já láti orí àpáta dé orí àpáta, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ sínú bí ó ti ń fọ́, ṣùgbọ́n omi ilẹ̀ olóoru ni síbẹ̀. Ní Ìkọ́gọ́sí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, olùkọ́ lè kó àwọn ọmọ lọ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn ìṣàn méjèèjì. Òkè Aberdare ti Kẹ́ńyà ga tó nǹkan bí mítà 4,000 ní ṣóńṣó rẹ̀. Ìyàtọ̀ gíga yẹn ni ó fi tíráòtù sí ibẹ̀, tí ó sì fi àrọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa.

Ìdẹ abìyẹ́

Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ eṣinṣin pe ohun tí wọ́n fi ń tan tíráòtù jẹ. Ìtumọ̀ ojú-ẹsẹ̀ yóò jẹ́ “eṣinṣin ẹ̀tàn,” àwọn kan yóò sì gbà á nítorí pé ó rọrùn. Kò yẹ kí wọ́n gbà á. Eṣinṣin ní Yorùbá ni èyí tí ń bà lé egbò àti ẹran jíjẹrà. Àkàlà rẹ̀ nínú èrò ọkàn ni ìdọ̀tí. Àwọn kòkòrò tí tíráòtù ń jẹ kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn máa ń lo nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ omi gẹ́gẹ́ bí ọmọ kòkòrò tí kò ní ìyẹ́, yóò rọ̀ mọ́ abẹ́ òkúta, yóò máa mí ọ́síjìn ayòrò. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, yóò gòkè wá sí ojú omi, yóò bọ́ awọ, yóò hu ìyẹ́, yóò fò. Ó tún máa ń bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ó ti lè fò, èyí tí kò sí kòkòrò mìíràn tí ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni ó kù fún un láti gùn, kí ó yé ẹyin, kí ó sì kú. Omi tí ó dọ̀tí kò lè gbà á. Kòkòrò yìí jẹ́ ẹlẹ́rìí ìmọ́tótó omi, pípè é ní eṣinṣin sì yí ẹ̀rí náà po.

Fún ayé kòkòrò náà, “ìparadà” ti wà nílẹ̀, kò sì sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Àfiwé sì wà fún un nílé. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, esunsun a máa tú jáde láti inú ilé ikán lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ọmọdé a sì máa gbé omi sábẹ́ iná láti kó wọn. Àṣálẹ́ kan péré ni ìgbà wọn. Ẹja inú odò náà mọ àṣálẹ́ yẹn. Ẹni tí ó bá ti rí i bí omi ṣe ń ru nígbà tí esunsun ń já bọ́ sínú rẹ̀ ti mọ ohun tí amọ̀nà tíráòtù ń dúró dè ní etí odò.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìdẹ náà ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ròyìn bí àwọn ará Masidóníà ṣe ń fi òwú pupa wé ìwọ̀, tí wọ́n sì ń so ìyẹ́ méjì láti abẹ́ àgbọ̀n àkùkọ mọ́ ọn. Ní 1496, ìwé kan jáde ní Ìlú Ọba tí ó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdẹ bẹ́ẹ̀ ní oṣooṣù, kòkòrò oṣù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyẹ́ ni kò kúrò níbẹ̀. Nítorí náà “ìdẹ abìyẹ́” ni àbá tí ó yẹ. “Ìdẹ” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo apẹja mọ̀. “Abìyẹ́” sì ń ṣiṣẹ́ méjì: ó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó sì ń sọ ohun tí ó jọ. Ẹnìkan lè takò ó pé ìdẹ tí ó fara jọ ọmọ kòkòrò abẹ́ omi kò ní ìyẹ́ ìfò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹ́ tàbí irun ni wọ́n sábà fi ń ṣe òun náà, wọ́n sì lè pè é ní “ìdẹ abìyẹ́ abẹ́ omi,” kí wọ́n pe èkejì ní “ìdẹ abìyẹ́ ojú omi.”

Ìdẹ yìí kò ní ìwúwo. Ibí yìí ni ó ti yàtọ̀ sí gbogbo ìdẹ tí apẹja Ajah mọ̀. Ẹni tí ó bá ju àwọ̀n, òjé etí àwọ̀n ni ó ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀, òjé ni ó ń fa okùn. Bí ènìyàn bá ju ìyẹ́ adìyẹ lásán, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bà sí. Apẹja tíráòtù wá gbé ìwúwo náà sínú okùn fúnra rẹ̀: okùn tí ó nípọn ni ó ń fì síwájú àti sẹ́yìn lókè orí, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa rìn lọ títí yóò fi na tán, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ṣeé rí sì ni yóò gbé ìdẹ sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó ya èyí sọ́tọ̀ gédégédé. “Jù” ni ti ohun tí ó wúwo tí ó kúrò lọ́wọ́, bí òkò. “Fì” ni ti ohun tí ó ń mì lọ mì bọ̀ tí kò kúrò lọ́wọ́. Nítorí náà apẹja ọ̀sà ń ju àwọ̀n, apẹja tíráòtù ń fi okùn. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì. Yorùbá kò ní ìdí láti tẹ̀ lé e sínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn.

Àwọ̀n kékeré tí amọ̀nà fi ń gbé ẹja kúrò nínú omi náà nílò orúkọ. Ó ní igi ìdìmú, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe dábàá “àwọ̀n ọlọ́pàá.” Ìyàtọ̀ ohùn kan ṣoṣo ni yóò kó ọ̀rọ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀. “Àwọ̀n eléèkù” kò ní mú ẹnikẹ́ni.

Mímọ ojú omi

Amọ̀nà kì í kàn mú àlejò dúró níbi tí ó bá ti rí omi. Tíráòtù kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri lásán; ìlúwẹ̀ẹ́ ń jẹ agbára, oúnjẹ tí ó ń rí kéré. Ó máa ń dúró lẹ́yìn òkúta tàbí lábẹ́ gbòǹgbò igi, níbi tí omi ti rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń sáré, kí omi máa gbé kòkòrò kọjá níwájú rẹ̀ bí aláte ṣe ń kiri ọjà kọjá ojúlé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò fún ibi tí ẹran ń farapamọ́ sí, “ibùba,” bá èyí mu láì ku síbì kan. “Ibùba ẹja” ni amọ̀nà ń wá. “Ibú” ni ibi jíjìn tí omi ti dákẹ́. “Ìsáré omi” ni ibi tí kò jìn tí ó ń fọ́ lára òkúta, tí ó sì ń gba ọ́síjìn sínú. “Etí ìṣàn” ni ojú ààlà láàárín èyí tí ń sáré àti èyí tí ó rọ̀. Orí etí ìṣàn yìí ni ó sábà máa ń ní kí àlejò gbé ìdẹ lé. Bí omi tí ń sáré bá fa okùn, tí ìdẹ sì ń wọ́ lọ ní ọ̀nà tí kòkòrò gidi kì í gbà lọ, ẹja yóò kọ̀ ọ́. “Ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́” ni àbá fún àléébù yìí. “Ìwọ́” ìbá kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ “ìwọ̀” jù.

Gẹ̀ẹ́sì sọ pé amọ̀nà ń ka omi bí ìwé. “Kíka omi” ní Yorùbá yóò dún bí ẹni tí ń ṣírò garawa. “Mímọ ojú omi” ni ó ṣe déédéé, nítorí pé Yorùbá ti fún omi ní ojú tẹ́lẹ̀.

Apẹja ọ̀sà mọ ojú omi tirẹ̀ náà, bí kò tilẹ̀ sí òkúta níbẹ̀. Ìṣàn tirẹ̀ kì í ṣe ti ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, ti òkun tí ń kún tí ó sì ń fà ni. Ó mọ̀ pé nígbà òjò omi odò máa ń lé iyọ̀ jáde kúrò nínú ọ̀sà, àti pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ máa ń padà wọlé. Ó mọ ẹja tí ń bá iyọ̀ wá àti èyí tí ń sá fún un. Ó mọ ibi tí yóò dẹ ìgèrè sí. Ní adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn apẹja tilẹ̀ máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n sì ń pè é ní akaja. Ibùba àtọwọ́dá ni. Ìmọ̀ kan náà ni ti amọ̀nà orí òkè, omi ni ó yàtọ̀.

Amọ̀nà, àti ohun tí “pa” ń ṣe nínú “pẹja”

Ní Skọ́tíláǹdì, orúkọ tí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń jẹ́ wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gaelic tí ó túmọ̀ sí ọmọdékùnrin tàbí ìránṣẹ́. Ìtàn iṣẹ́ náà hàn nínú rẹ̀: olówó ni apẹja, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó ń gbé ẹrù. “Amọ̀nà” kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ó tún sàn ju “afọ̀nàhàn” lọ, nítorí pé ìmọ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àti pé ìmọ̀ ni àlejò ń san owó fún.

Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó fẹ́ àròjinlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ odò tíráòtù lónìí, ẹja tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń dá padà sínú omi láàyè. Amọ̀nà yóò rẹ ọwọ́ rẹ̀ sómi kí ó má baà ṣí ohun yíyọ̀ tí ń dáàbò bo awọ ẹja, yóò yọ ìwọ̀ kúrò ní kánmọ́, yóò kọ orí ẹja sí ìṣàn títí yóò fi lè lọ fúnra rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé omi ti kọjá 20°C, amọ̀nà tí ó mọṣẹ́ yóò ní kí àlejò ká okùn rẹ̀, bí owó ọjọ́ náà tilẹ̀ lè bá a lọ, nítorí ẹja tí ó bá jà nínú omi gbígbóná lè kú lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a padà. “Pẹja” sì rèé, “pa” ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí kò pa ẹja ń pẹja?

Àwọn kan lè sọ pé rárá, kí wọ́n sì fẹ́ “mẹ́ja” dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n “pa” kì í ṣe ti ikú nìgbà gbogbo: ẹni tí ń pawó kò pa owó kú, ẹni tí ó pàlọ́ kò ṣe àlọ́ ní ibi. Ó ṣeé ṣe láti fi “pẹja” sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì ya àṣà tuntun sọ́tọ̀ pẹ̀lú “ìmú-dá-padà.” “Amọ̀nà apẹja” yóò dúró. Kò ní rọrùn láti ṣàlàyé ìmú-dá-padà fún apẹja tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de ọbẹ̀, àmọ́ ìṣòro yẹn kì í ṣe ti èdè.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà létí ọ̀sà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń wá kò dúró. Yanrìn tí wọ́n ń fà jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n fi ń di àbàtà láti Lẹ́kí títí kọjá Ajah kí ilé lè dúró lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti wa yanrìn, ìsàlẹ̀ omi a di kòtò, ìṣàn a yí padà, omi a sì rú; ibi tí wọ́n bá ti dà á sí, ibùba ẹja a parẹ́. Bí ibùba bá parẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ irú ibùba tí ó jẹ́ kò ní ẹni tí yóò máa pè é. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ tàbí Ègùn tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti wa kẹ̀kẹ́ ní títì Ajah kò ní ìdí láti mọ̀ ọ́n.

Ìdajì àwọn àbá tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ti Yorùbá ajùmọ̀lò, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti oko àti ti ọdẹ. Ti omi ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Àwọn ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí ó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ béèrè ní Báàdóòrè, ní Lángbàsá àti ní Òkun Ajah kò ṣòro láti tò: orúkọ tí wọ́n ń pe omi tí ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, orúkọ ààlà tí ó máa ń hàn lójú omi níbi tí omi odò ti pàdé omi oníyọ̀, ọ̀rọ̀ fún omi tí kò kún tí kò sì fà, bí wọ́n ṣe ń pe ẹja tí ó jẹ ìdẹ ṣùgbọ́n tí kò gbé ìwọ̀ mì, àti ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé tí ó fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò dẹ ìgèrè sí ní alẹ́ ọjọ́ náà.